Dọ́kítà Orí Kàlẹ́ńdà

Ọdún kejì tí mo dé ìlú òtútù yìí ni bàbá mi sọ mí di dọ́kítà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo wà kò tíì gbọ́. Èmi náà kò gbọ́, àfi ìgbà tí Bùnmi, àbúrò mi obìnrin, fi àwòrán kàlẹ́ńdà kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Kàlẹ́ńdà ńlá ni, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ògiri pálọ̀, tó ní oṣù méjìlá nísàlẹ̀ àti àwòrán èèyàn pàtàkì lókè. Èmi ni èèyàn pàtàkì náà. Àwòrán tí mo yà ní Onípànù fún físà ni wọ́n lò. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ náà pé n kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí náà mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Lábẹ́ ojú mi, wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ "Dr. (Engr.)", kí orúkọ mi tó tẹ̀ lé e.

Mo pe Bùnmi lójú ẹsẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ kọ dọ́kítà síbẹ̀?"

"Ẹ tún ń bi mí! Bàbá ni. Mo sọ fún wọn pé ẹ ò tíì parí. Wọ́n bi mí pé nínú èmi àti àwọn, ta ló bí yín."

"Mélòó lẹ tẹ̀?"

"Bọ̀dá mi, ẹ má bi mí. Ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti dé ilé díákónì ní Ọbáníkòró. Ó ti dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ àdúgbò wa ní Bàrígà, ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí rẹ̀. Àwọn èèyàn ń gẹrun, wọ́n ń wò yín."

Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Dọ́kítà!"

"Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ mi ò tíì gbà á o. Mi ò tíì ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń wọlé sí i pàápàá."

"Tí èèyàn bá wọ ọkọ̀ Ìbàdàn ní Ọjọ́ta, tí wọ́n wá béèrè ẹ̀ nílé, kí ni wọ́n máa ń sọ?"

"Wọ́n á ní ó ti lọ Ìbàdàn."

"Ṣé ó ti dé Ìbàdàn ni?"

"Rárá, sà."

"Ṣé irọ́ ni wọ́n pa?"

"Rárá, sà."

"Ó tán nìyẹn."

Kì í ṣe pé n kò ní èsì. Èsì náà wà lórí ahọ́n mi: ọkọ̀ máa ń bàjẹ́ lọ́nà. Ṣùgbọ́n nílé wa, tí àgbà bá ti ní ó tán nìyẹn, ó tán náà nìyẹn.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Bátísí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n nígbà tí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń jáde láti ojúlé dé ojúlé, ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà títí dòní, bí a tilẹ̀ ń gbé ní Bàrígà. Ìwé ìkésíni, ìwé ètò ìsìnkú, èèpo ìwé ọmọ ilé-ìwé, ojú àwọn olóṣèlú: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn sọ àwọn èèyàn di olóyè, àlàájì, ajíhìnrere àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo mọ ọkùnrin kan ládùúgbò wa tó wọ ṣọ́ọ̀bù wọn ní ọ̀gbẹ́ni lásán, tó sì jáde pẹ̀lú oyè mẹ́ta àti páálí káàdì kan. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó sọ èèyàn di ọ̀mọ̀wé. Ọ̀sán kan péré ni bàbá mi ń gbà, bí iná bá wà. Ẹni tó ti ṣe irú oore yìí fún àjèjì, kí ni yóò dá a dúró lórí ọmọ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí oyè náà ń béèrè gan-an, kí ẹ lè mọ irú àga tí wọ́n gbé mi jókòó lé. Mo ti gba oyè àkọ́kọ́ àti másítà nínú iṣẹ́ ẹnjiníà kí n tó kúrò nílé. Ọ̀mọ̀wé ló kù, èyí tí àwa ń pè ní dọ́kítà. Wàá kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì bí ọmọdé, tìwọ ti ewú tó ń yọ lórí rẹ. Lẹ́yìn náà, wàá ṣe ìdánwò kan, o ó kọ ọ́ sórí ìwé, o ó sì dúró níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta kí wọ́n fi ẹnu bi ọ́ léèrè. Bí o bá yege, wàá sọ ohun tí o fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí, wọ́n á ní kò tó, wàá tún un ṣe. Wàá kọ àròkọ ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ tí o kò mọ̀ rí, wọ́n á bú ọ láìdárúkọ ara wọn. Nígbẹ̀yìn, wàá kọ ìwé kan tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, wàá sì dúró gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn tó ti ń bú ọ bọ̀.

Ẹni tó bá féèlì ìdánwò yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè tún un ṣe. Bí ó bá tún féèlì, wọn kì í lé e lọ lọ́wọ́ òfo. Oyè kan wà tó ga ju másítà lọ tí kò dé ọ̀mọ̀wé. Oyè Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n fi ń rẹ irú wọn lẹ́kún. Ládùúgbò wa ní Bàrígà, ẹnjiníà ni ọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe.

Gọ́tà ni mo ń ṣe ìwádìí lé lórí. Bí omi òjò ṣe ń rìn ládùúgbò tó wà lẹ́bàá ọ̀sà ni, gọ́tà Bàrígà gan-an sì ni mo mú. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń pariwo pé kí n kúrò nínú gọ́tà. Mo kúrò. Mo wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo kọjá òkun, mo wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nílùú tí omi rẹ̀ ń dì gbagidi, mo ń wo àwòrán gọ́tà tí mo ti ṣubú sí rí.

Bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun kan ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ọ́fíìsì wọn, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Orúnkún mi ti tẹ̀ dé ìdajì kí n tó rántí ibi tí mo wà. Wọ́n rò pé nǹkan mi ló jábọ́, àwọn náà bẹ̀rẹ̀, àwa méjèèjì wá ń wá ohun tí kò sọnù lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí a dìde, wọ́n ní kí n má pe àwọn ní sà mọ́, orúkọ àbísọ àwọn ni kí n máa pè. Bàbá tó ju bàbá mi lọ! N kò lè pe sà nítorí wọ́n ní n kò gbọdọ̀, n kò sì lè pe orúkọ nítorí ìyá mi ṣì wà láyé. Bí mo bá ń wá wọn, màá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá wúkọ́. Nígbà tó ṣe, wọ́n fi àánú júwe ilé ìwòsàn kan fún mi.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ni kíkọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní, kí n sì máa máàkì ìwé wọn. Bí mo bá ti ṣe tán, mo ń padà sí yàrá tí mo háyà. Mo kí aládùúgbò mi káàárọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó yíjú wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí. Ní Bàrígà, n kò lè kàwé nítorí ariwo: jẹnẹrétọ̀, kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì tó kọjú sí ti mọ́ṣáláṣí. Mo máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún mi ní ibi tó dákẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún àdúrà. Ibí yìí dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ìgbà tí fíríìjì bá mí èémí. Nígbà mìíràn, mo máa ń bẹ Bùnmi pé kó gbé fóònù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú kó sì máa báṣẹ́ rẹ̀ lọ. Màá jókòó, màá máa jẹun, ẹ̀rọ bàbá mi á máa lọ gbàgìdì-gbagidi létí mi. Bùnmi ní orí mi ti fẹ́ dàrú.

Ìdánwò dé. Mo kọ ti orí ìwé, ó dára. Mo wọlé fún ti ẹnu. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta jókòó, bàbá onírùngbọ̀n wà láàárín. Àwọn gan-an ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè tó gbẹ̀yìn.

"Ká ní wọ́n gbẹ́ gọ́tà àdúgbò òkè kó fẹ̀ sí i, kí omi lè tètè kúrò níbẹ̀. Àgbàrá àwọn tó wà nísàlẹ̀ náà á dín kù, àbí?"

Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà òkè fẹ̀ ládùúgbò wa rí, àwọn olóyè wá gé rìbọ́nì, wọ́n ya fọ́tò. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo omi òkè sáré wá bá wa nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkòkò ìyá mi léfòó jáde ní kíṣìnnì, ó lọ kí onílé nínú yàrá rẹ̀.

Gbogbo èyí dé ọ̀fun mi. Mo gbójú sókè, mo rí irùngbọ̀n funfun yẹn àti orí arúgbó tó ń mì lókè-lódò bí ẹni tó ti gbà á fún mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà lápá òsì bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: àgbà kan sọ̀rọ̀, àgbà kejì ní ṣé ó dá ọ lójú. Ẹni tí wọ́n bá bí ire mọ̀ pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀nà yẹn mọ ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Mo wolẹ̀. Mo ní bí wọ́n ṣe wí i náà ló rí.

Wọ́n féèlì mi.

Bàbá onírùngbọ̀n pè mí sí ọ́fíìsì. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tí kò tọ̀nà ni. Mo fẹ́ kí o ta kò mí. Ṣé o kò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá dé?"

Mo ṣàlàyé pé níbi tí mo ti wá, bí àgbà bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ilẹ̀ là ń wò títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi kọjá. Ó dùn mọ́ wọn gan-an. Wọ́n ní kí n kọ àròkọ lé e lórí.

Bí mo ṣe wà nìyẹn. Bí mo bá fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, físà kú. Bí mo bá lọ sílé láti lọ sinmi díẹ̀, ó lè má ṣeé ṣe fún mi láti padà wọlé. Bí mo bá dúró tí mo tún féèlì, wọ́n á fún mi ní oyè Ẹnjiníà, èyí tí bàbá mi ti fi sí àárín àkámọ́ lórí kàlẹ́ńdà, níbi tí wọ́n ń fi nǹkan tí kò ṣe pàtàkì sí. Gbogbo ògiri Bàrígà ni ojú mi wà, tí n kò rẹ́rìn-ín, tí mo ń dúró de ara mi.

Ọjọ́ Àìkú ni bàbá mi máa ń pè, lẹ́yìn ìsìn, wọn kì í sì dá pè. Wọ́n á gbé fóònù yípo bí igbá ọrẹ.

"Dọ́kítà, Ìyá Rísí rèé. Orúnkún mi yìí tún ti bẹ̀rẹ̀ o."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kì í ṣe irú dọ́kítà yẹn ni mà."

"Irú wo wá ni?"

"Ti gọ́tà ni, mà."

"Olúwa á ṣe é láṣeyọrí," ni wọ́n wí, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Bàbá gba fóònù, wọ́n ní ṣé dáadáa ni ìwé ń lọ. Mo ní a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ tó dára ni a dúpẹ́, ó lè bo òkú mọ́lẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí n tún ìdánwò ṣe nígbà tí ọmọbìnrin ọdún kìíní kan wọ yàrá tí mo ti ń máàkì. Kò kí mi. Ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ó ju ìwé rẹ̀ sórí tábìlì.

"O ṣi èyí máàkì. Ohun tí mo kọ tọ̀nà."

Ara mi gbóná. Ó ku díẹ̀ kí n bi í pé ọmọ ta ni. Mo wo ìwé náà, mo tún un wò. Òun ló ṣì í.

"Rárá o," mo ní, "kò tọ̀nà. Wo ibí."

Ó tẹjú mọ́ ọn. "Háà, lóòótọ́. O ṣeun." Ó mú ìwé rẹ̀, ó ń fi ẹnu súfèé jáde lọ.

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ó ta kò mí, mo ta kò ó, kò sí ẹni tó pe ìpàdé ẹbí. Kò sí ẹni tó sunkún. Kò sí ẹni tó ní kí a lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Lọ́wọ́ wọn, iyàn fúyẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, wọ́n kàn ń fi í fẹ́ ara wọn lásán ni. Lọ́wọ́ tèmi, òkúta ọlọ ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níwájú dígí. "Kò rí bẹ́ẹ̀." Ó dáa. "Kò rí bẹ́ẹ̀, sà." Sà yẹn kò fẹ́ lọ. Bí mo bá ṣe ń wo dígí tó ni ojú mi ń jọ ti bàbá mi, mo sì mọ̀ nígbà náà pé ẹnu tí kò bá tíì sọ ọ́ ní Ṣómólú kò ní lè sọ ọ́ níbi kankan. Ọ̀sán Sátidé kan ni mo pè wọ́n.

"Bàbá, mo fẹ́ tọrọ àforíjì."

"Kí lo ṣe?"

"Mi ò tíì ṣe é, sà. Mo fẹ́ bá yín jiyàn ni."

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lọ lẹ́yìn wọn. Mo gbà á gẹ́gẹ́ bí àṣẹ.

"Ẹ ní ẹni tó wọ ọkọ̀ Ìbàdàn ti lọ Ìbàdàn. Kò rí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ọkọ̀ máa ń bàjẹ́ lọ́nà. Tèmi ti bàjẹ́. Mo ṣe ìdánwò yẹn, mo féèlì. Ẹ̀ẹ̀kan ló kù, tí mo bá tún féèlì, mi ò lè di dọ́kítà mọ́. Kàlẹ́ńdà yẹn, ẹ ṣì í tẹ̀ ni. Kò yẹ kí ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rọ náà dúró. Bàbá mi kì í dá ẹ̀rọ dúró nítorí fóònù. Wọn kò dá a dúró lọ́jọ́ tí mo gba físà.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

"Ṣé wọ́n fún ẹ ní nǹkan mu ni?"

"Rárá, sà."

Mo ń retí èpè, mo ń retí òwe. Ohun tó jáde ni: "O ò kí mi."

"Sà?"

"O pè mí, o bá mi jiyàn, o ò kí mi."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Hẹn." Wọ́n gé fóònù.

Ọjọ́ Àìkú dé, wọn kò pè. Èyí tó tẹ̀ lé e dé, wọn kò pè. Bùnmi ní wọ́n ti yọ kàlẹ́ńdà tó wà ní pálọ̀, wọ́n gbé e sẹ́yìn àga, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ìdí rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fún mi. Ó ní Bàbá ti ní kí fóònù má súnmọ́ ibẹ̀ mọ́.

Báyìí ni mo ṣe wọ ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àwọn mẹ́ta náà ni. Bàbá onírùngbọ̀n ti pààrọ̀ ohun ìjà.

"Ọ̀sà wà nísàlẹ̀, ilé wà lókè," ni wọ́n wí. "Nítorí náà, bí gọ́tà bá ti ṣí sínú ọ̀sà, omi kò lè gbà á padà wá sínú ilé láé."

Orí mi ti ń tẹ̀. Ọwọ́ mi ti lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Mo rántí ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀rọ bàbá mi. Mo ti san owó-orí iyàn yìí tẹ́lẹ̀. Kí ni mo tún ń bẹ̀rù?

"Ẹ má bínú, sà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sà kì í dúró sójú kan. Bí ó bá kún, á gba ẹnu gọ́tà kan náà padà wá. Mo ti fi abọ́ gbọ́n ọn jáde ní yàrá ìyá mi."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Bí mo bá ní irọ́ ni ńkọ́?"

"Ẹ ó ṣì í sọ nìyẹn, sà."

Àgbàlagbà náà bú sẹ́rìn-ín tí irùngbọ̀n wọn fi ń gbọ̀n. Orúnkún mi tẹ̀ dé ìdajì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò bá mi wá a lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Mo yege. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n sì ka ohun tó kù fún mi: àbá ìwádìí, àwọn àròkọ, ìwé tó nípọn, ìgbèjà. Ńṣe ló dà bíi pé mo ti wọ yàrá kejì. Mo gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé lẹ́yìn mi, mo sì rí i pé èyí tó wà níwájú pàápàá ní kọ́kọ́rọ́.

Mo pe Ṣómólú. Mo kọ́kọ́ kí wọn dáadáa: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ooru.

"Mo yege, Bàbá."

"O ti wá di dọ́kítà?"

"Rárá, sà. Ó ṣì jìnnà."

"Kí lo ṣe tó o fi yege?"

"Mo bá àgbàlagbà kan jiyàn."

"Lẹ́ẹ̀kejì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìyẹn ni wọ́n fi ń gboyè níbẹ̀?"

"Ó wà lára ẹ̀, sà."

"Má gbé e wálé," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí wọ́n pariwo pé kí Bùnmi tan ẹ̀rọ, wọn kò sì gé fóònù. Wọ́n gbé e kalẹ̀ síbì kan nítòsí. Mo gbọ́ ẹ̀rọ náà títí iná fi lọ.

Nígbà tí ọdún parí, Bùnmi fi kàlẹ́ńdà tuntun ránṣẹ́. Ojú kan náà tí kò rẹ́rìn-ín. Orúkọ mi nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà aláwọ̀ wúrà, ṣùgbọ́n kò sí láàárín. Ó fì sí apá ọ̀tún, àyè òfìfo sì wà níwájú rẹ̀.

"Èmi rò pé àṣìṣe ni," Bùnmi ní. "Mo fẹ́ sún orúkọ yín sáàárín, Bàbá ní kí n má fọwọ́ kàn án. Gbogbo èèyàn ló ń béèrè. Onígbàjámọ̀ pàápàá béèrè."

"Kí ni Bàbá ń dá wọn lóhùn?"

"Wọ́n ní ọkọ̀ yín ṣì wà lọ́nà."

Mo fẹ àwòrán náà lójú fóònù títí àyè òfìfo yẹn nìkan fi kù. Ọwọ́ òǹtẹ̀wé kì í ṣì. Ó gba lẹ́tà méjì àti àmì kékeré kan, kò gba nǹkan mìíràn. Ibẹ̀ ni mò ń gbé báyìí.